Samuel Coleridge-Taylor: Orin rẹ̀ kún gbọ̀ngàn, gíní 15 péré ló bọ́ sí i lọ́wọ́

Ní apá ìparí ọdún 1912, èrò pé jọ sínú Royal Albert Hall, gbọ̀ngàn ràgàjì tó wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù, láti gbọ́ orin ọkùnrin kan tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ohùn orin ń dún, àwọn ènìyàn ń tẹ́tí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ju fàájì lọ. Owó ni wọ́n ń wá jọ fún opó àti ọmọ méjì tí olóògbé náà fi sílẹ̀ sáyé. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò ṣe háà. Ìwé orin tí ọkùnrin yìí kọ ti tà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kọ. Kí ló wá dé tí ó fi di dandan kí àwọn ènìyàn dáwó kí ẹbí rẹ̀ tó lè rí nǹkan gbé ẹsẹ̀ lé? Inú ìtàn ìgbésí ayé Samuel Coleridge-Taylor ni ìdáhùn ìbéèrè náà wà.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1875 ni wọ́n bí i sí àdúgbò Holborn ní Lọ́ńdọ̀nù. Daniel Peter Hughes Taylor ni orúkọ baba rẹ̀. Ọmọ Sierra Leone ni, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, tí ó wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aláwọ̀ funfun ni ìyá rẹ̀, Alice Hare Martin ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ ara wọn níṣu lọ́kà. Nígbà tí Dókítà Taylor parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Áfíríkà, kò sì mọ̀ pé òun fi oyún sílẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀ Gambia ni ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn náà. Ọmọ náà dàgbà láì gbé ọ̀dọ̀ baba tó bí i.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ baba ọmọ náà ni Taylor. Alice wá rántí akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan tó lókìkí, Samuel Taylor Coleridge, ó sì fi orúkọ akéwì náà sọ ọmọ rẹ̀. Coleridge ni gbogbo ará ilé ń pè é títí ó fi dàgbà.

Ìlú Croydon, tó wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Kì í ṣe ilé olówó. Benjamin Holmans, ẹni tó jẹ́ baba àgbà fún un nínú ilé náà, jẹ́ alágbẹ̀dẹ tó ń kan irin mọ́ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin. Alágbẹ̀dẹ yìí fẹ́ràn orin, òun ló sì fi fayolíìnì, ohun èlò olókùn tó jọ gòjé tiwa, lé ọmọ náà lọ́wọ́ nígbà tó ṣì kéré jọjọ. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi rí i pé ọwọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú yìí yàtọ̀. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Joseph Beckwith gbà á, ó sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń ta á. Coleridge tún dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Herbert Walters ti jẹ́ aṣáájú. Walters rí ẹ̀bùn tó wà lára ọmọ náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Òun ló ṣe ọ̀nà bí ó ṣe wọ Royal College of Music, ilé ẹ̀kọ́ gíga fún orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1890. Ọmọ ọdún 15 ni Coleridge nígbà náà.

Fayolíìnì ni ó bá wọlé, ṣùgbọ́n orin tó ń hun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1892, ó bọ́ sí abẹ́ Charles Villiers Stanford, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń hun orin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Lára wọn ni Gustav Holst àti Ralph Vaughan Williams wà, àwọn méjèèjì sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí orin nígbà tó yá. Síbẹ̀ náà, nígbà tí gbogbo wọn ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ọmọ Alice ló kọ́kọ́ yọrí. Ó gba ẹ̀bùn Lesley Alexander fún orin híhun ní ọdún 1895, ó sì tún gbà á ní ọdún 1896.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1895 tó fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Brahms, àgbà olórin ọmọ Jámánì, ti hun orin kan fún kilarinẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò olókùn mẹ́rin. Lójú Stanford, kò sí ẹni tó tún lè hun irú rẹ̀ lẹ́yìn Brahms tí a kò ní máa gbọ́ Brahms nínú rẹ̀. Coleridge-Taylor gba ọ̀rọ̀ náà bí ìpèníjà. Ó lọ jókòó, ó hun tirẹ̀ fún ohun èlò márùn-ún kan náà, ó sì gbé e wá fún ọ̀gá rẹ̀. Stanford yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ti ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló mú orin náà dé ọ̀dọ̀ Joachim, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ fayolíìnì ta jù lọ láyé ìgbà náà, ní ìlú Berlin.

Ọdún 1898 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé ibi gbogbo. Àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún orin ìlú Gloucester fẹ́ kí Edward Elgar hun orin tuntun fún wọn. Ọwọ́ Elgar dí. Dípò kí ó kàn kọ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n lọ bá Coleridge-Taylor, ọmọ ọdún 22 péré. Ọmọdékùnrin náà kò dójú tì í. Orin tó hun, Ballade in A minor, ni wọ́n gbọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn èrò sì gbé oríyìn fún un.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ńlá náà jáde. Henry Wadsworth Longfellow, akéwì Amẹ́ríkà, ti kọ ewì gígùn kan nípa Hiawatha, akọni kan láàárín àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí àwọn Òyìnbó tó débẹ̀. Coleridge-Taylor mú apá tó sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó akọni náà, ó sì hun orin sí i fún ẹgbẹ́ akọrin ńlá àti àwọn onífèrè àti olókùn. Hiawatha's Wedding Feast ni ó pè é. Ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Royal College of Music, Stanford fúnra rẹ̀ ló sì darí rẹ̀. Arthur Sullivan, àgbà olórin tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ń ṣàìsàn lọ́wọ́ nígbà náà, síbẹ̀ ó gbìyànjú, ó wá jókòó gbọ́ ọ. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ, àwọn ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé orin náà kiri. Láàárín ọdún méjì, ó ti fi apá méjì kún un, gbogbo rẹ̀ di mẹ́ta. Wọ́n kọ apá kẹta ní Royal Albert Hall ní ọdún 1900.

Ṣùgbọ́n ibi tí ayọ̀ ti wọlé ni ọ̀fọ̀ náà ti wọlé. Ilé iṣẹ́ Novello tó tẹ ìwé orin náà ra Hiawatha's Wedding Feast lọ́wọ́ rẹ̀ ní gíní 15, ìyẹn pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15. Títà pátápátá ni. Bí ìwé náà ti ń tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sí kọ́bọ̀ kan tó tún gbọdọ̀ wọ àpò ẹni tó hun ún. Bí àwọn akọrin bá sì kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn tí èrò san owó kí wọ́n tó wọlé, kò sí ẹni tó jẹ́ ẹ ní gbèsè. Kò sí ìwà ọ̀daràn níbẹ̀, nítorí bí ọjà orin ti rí láyé ìgbà náà nìyẹn. Ọ̀dọ́ tí kò ní baba lẹ́yìn, tó ń wá bí orúkọ òun yóò ṣe jáde, tó sì nílò owó, rí owó níwájú, ó gbà á. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ojú rẹ̀ là. Nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn tó ṣe, ó kọ́ láti di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú, kí ó lè máa rí ìpín tirẹ̀ bí ọjà bá ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tún tà bíi ti Hiawatha nínú wọn. Iṣu tó tóbi jù lọ nínú oko rẹ̀ ti lọ.

Ní ọjọ́ 30, oṣù kejìlá, ọdún 1899, ó gbé Jessie Walmisley níyàwó, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ orin. Ìgbéyàwó náà kò rọrùn. Àwọn òbí Jessie tako ó gidigidi, nítorí wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Jessie kò yẹsẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ: ọkùnrin ni àkọ́bí, wọ́n sọ ọ́ ní Hiawatha, obìnrin ni èkejì, Gwendolyn, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Avril Coleridge-Taylor, òun náà sì di olùdarí orin àti ẹni tó ń hun orin. Òkìkí kò sì ní kí àwọn ọmọ ìta Croydon má bú baba wọn lójú pópó. Avril rántí lẹ́yìn náà pé bí àwọn méjèèjì bá ń lọ lójú ọ̀nà, tí àwọn ọmọ ìta sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọ̀ baba òun, ṣe ni yóò di ọwọ́ òun mú pinpin.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Coleridge-Taylor kò mọ ilẹ̀ baba rẹ̀, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí, síbẹ̀ kò fẹ́ kí orísun rẹ̀ gbẹ. Ó bá Paul Laurence Dunbar, akéwì aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì hun orin sí ewì rẹ̀. Ó gbọ́ orin tí àwọn ẹrú ń kọ ní Amẹ́ríkà láti ọ̀dọ̀ Frederick Loudin àti ẹgbẹ́ akọrin Fisk Jubilee Singers, ó sì fi ọ̀kan nínú wọn sínú orin tó fi ṣíde Hiawatha. Nígbà tí Henry Sylvester Williams pe ìpàdé gbogbo ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù keje ọdún 1900, ìpàdé tí W. E. B. Du Bois wá, Coleridge-Taylor wà lára àwọn aṣojú. Òun ni ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ láàárín wọn.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà kò fojú pa á rẹ́. Ní ìlú Washington, wọ́n dá ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀ ní ọdún 1901, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Nǹkan bí igba akọrin ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, aláwọ̀ dúdú sì ni gbogbo wọn. Ìgbà tí òfin àti àṣà ìyàsọ́tọ̀ ń tẹ irú wọn mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ni èyí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ní ọdún 1904. Ó dúró níwájú wọn, ó darí Hiawatha, èrò kún gbọ̀ngàn. Ààrẹ Theodore Roosevelt gbà á lálejò ní ilé ìjọba Amẹ́ríkà, nǹkan tí ojú aláwọ̀ dúdú kì í sábà rí nígbà náà. Ó tún padà lọ ní ọdún 1906 àti ní ọdún 1910.

Ìwé kan tó jáde ní Boston ní ọdún 1905 ni ó fi san oore ìrìn àjò àkọ́kọ́ náà. Orin 24 ni ó kó jọ sínú rẹ̀ fún dùùrù, láti Áfíríkà, láti àwọn erékùṣù Kàríbíà àti láti ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Booker T. Washington, olùkọ́ àgbà àti aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Coleridge-Taylor ti kan ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn orin 24 náà ni Oloba, ohùn orin Yorùbá tí ó rí gbà lọ́wọ́ Victoria Randle, ọmọ Èkó. Ẹni tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni ìyáàfin yìí. J. P. L. Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò Èkó, ni baba rẹ̀. Sarah Forbes Bonetta ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú ní kékeré, tí ó sì wá di ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú bí ọmọ. Ọbabìnrin yìí kan náà ló ṣe ìyá ìsàmì fún Victoria Randle. Dókítà John Randle, tí Èkó mọ̀ bí ẹni mọ owó, ni ọkọ rẹ̀. Báyìí ni ohùn orin tí àwọn ènìyàn wa ń kọ ṣe kúrò lẹ́nu ìyá ọmọ Èkó, tó gba ọwọ́ ọmọ Sàró kan kọjá, tó sì dé orí dùùrù ní Amẹ́ríkà.

Gbogbo iyì yìí kò bọ́ ìdílé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ló yẹ kí ó ti jẹun, ṣùgbọ́n pẹpẹ Hiawatha ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó di dandan kí Coleridge-Taylor máa sáré kiri. Ó ń kọ́ni ní Trinity College of Music, ó tún ń kọ́ni ní Guildhall School of Music. Òun ni olùdarí ẹgbẹ́ Handel Society láti ọdún 1904 títí ó fi kú. Ó ń lọ ṣe adájọ́ níbi ìdíje orin ní ilẹ̀ Wales. Ó ń hun orin fún eré orí ìtàgé tí Herbert Beerbohm Tree ń gbé jáde ní His Majesty's Theatre. Ọkọ̀ ojú irin ni ilé rẹ̀, òru sì ni ó kù fún un láti fi hun orin tirẹ̀.

Ní ọdún 1912, ó parí orin ńlá kan fún fayolíìnì, èyí tí Maud Powell, akọni obìnrin nídìí ohun èlò náà, ta ní Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà. Coleridge-Taylor kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ West Croydon. Ibẹ̀ ni ó ṣubú sí. Ó ráyè padà délé, ó dùbúlẹ̀, òtútù àyà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ara tí iṣẹ́ ti jẹ tán kò ní agbára láti bá àìsàn náà jìjàkadì. Wọ́n ròyìn pé bí ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú ikú ti ń sún mọ́ tòsí, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lórí ibùsùn, bí ẹni tó ń darí orin fayolíìnì yẹn. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1912 ni ó kú. Ọmọ ọdún 37 ni.

Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Bandon Hill, nítòsí Croydon. Lára òdòdó tí wọ́n gbé wá ni èyí tí àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe. Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi òdòdó yà, wọ́n sì fi òdòdó pupa ṣe àmì sí ibi tí Sierra Leone wà. Ọmọ tí kò dé ilé baba rẹ̀ rí láyé, ilé baba rẹ̀ wá bá a ní ẹnu ibojì.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àṣeyẹ orin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí wáyé. Owó tó lé ní £1,400 ni wọ́n rí jọ fún ìdílé rẹ̀, owó ńlá gbáà nígbà náà. Ọba George Karùn-ún náà yọ̀ǹda pé kí wọ́n máa fún Jessie ní £100 lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú ọkàn àwọn olórin. Ẹni tí gbogbo ìlú ń kọ orin rẹ̀ ni wọ́n ń dáwó fún! Ìtìjú náà wà lára ohun tó ta wọ́n jí. Ní ọdún 1914, wọ́n dá Performing Right Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń rí i dájú pé níbikíbi tí wọ́n bá ti lo iṣẹ́ olórin ní gbangba, ẹni tó ni iṣẹ́ náà yóò gba owó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Coleridge-Taylor wà lára àwọn ohun tó bí i.

Hiawatha kò kú pẹ̀lú ẹni tó hun ún. Láti ọdún 1924 títí di ọdún 1939 ni wọ́n ń ṣe é bí eré ní Royal Albert Hall, tí àwọn akọrin ń wọ aṣọ àwọn ẹ̀yà tí ìtàn náà sọ nípa wọn. Láti ọdún 1928, Malcolm Sargent ni olùdarí rẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ló dá a dúró, orúkọ Coleridge-Taylor sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2015, Chi-chi Nwanoku, obìnrin tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ẹgbẹ́ Chineke! sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn olórin aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọn kì í sábà rí ààyè nídìí irú orin yìí. Ẹgbẹ́ náà ń gbé orin Coleridge-Taylor jáde pẹ̀lú ti àwọn tó ń hun orin lónìí, wọ́n sì gbé àwo kan tó dá lórí iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Iṣẹ́ Avril, ọmọ tí ó máa ń di lọ́wọ́ mú lójú pópó Croydon, wà nínú àwo náà pẹ̀lú.

Bí àwọn olórin ti ń gba àmì ẹ̀yẹ lónìí, tí àtẹ́wọ́ ń dún nínú gbọ̀ngàn, ìwé àdéhùn gíní 15 ọdún 1898 kò yẹ kí ó kúrò níwájú wọn. Àtẹ́wọ́ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé sè lọ́bẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ sí ìwé nítorí owó tó wà níwájú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ lẹ́yìn òun. Coleridge-Taylor fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń jẹ èrè rẹ̀.